Ọ̀tà Lo Fẹ́ Sùn? Bí O Ṣe Lè Rí Yàrá Tí Kò Wọ́n, Tó sì Sún Mọ́ Ibi Tí Ò Ń Lọ, ní Ojú-Ore àti Agbègbè Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí lemọ́lemọ́: "Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀ l'Ọ̀tà fún ọjọ́ méjì, níbo ni mo lè sùn tí kò ní gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ mi, tí mi ò sì ní jìnnà sí àárín ìlú?" Àwọn kan ń bọ̀ wá ṣe intáfíù ní ilé iṣẹ́, àwọn kan ń mú àbúrò wọn wá sí yunifásítì, àwọn kan ń bọ̀ fún Ṣílò, àwọn oníṣòwò sì wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ sùn mọ́jú kí wọ́n tó kọrí sí Ìdí-Ìrókò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó ìròyìn jọ lágbègbè yìí, iṣẹ́ yẹn sì ti mú mi sùn sí oríṣiríṣi yàrá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ìdáhùn náà sójú kan, kẹ́ ẹ lè máa padà wá wò ó nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀.

Ìdáhùn kúkúrú rèé: má wá "àárín ìlú," ibi tó sún mọ́ ohun tó gbé ọ wá ni kó o wá. Ọ̀tà ò ní àárín kan ṣoṣo. Yàrá tó dà bíi pé ó rọjú lè gba owó ju èyí tó wọ́n lọ, tó o bá ti ro owó ọkọ̀, owó iná àti àkókò tó o máa fi jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́ ọn. Ìdáhùn gígùn ló kù nísàlẹ̀ yìí.

Àárín ìlú, níbo gan-an ni?

Ẹni tí kò bá mọ agbègbè yìí á máa pe gbogbo ẹ̀ ní "Ọ̀tà" tàbí "Ṣàngó." Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àkọ́kọ́ ni Ṣàngó, pàápàá abẹ́ bíríìjì, níbi tí títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ti pàdé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ibẹ̀ lo máa bọ́ sílẹ̀ sí tó o bá wọkọ̀ láti Oshódi, Agége tàbí Ìyànà Ìpájà. Ọjà wà níbẹ̀, ọkọ̀ wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú dáadáa. Ariwo náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì làwọn ọlọ́wọ́ ẹ̀fẹ́ tó máa ń yọ fóònù lápò èèyàn.

Èkejì ni Ojú-Ore. Tó o bá gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láti Ṣàngó, kò ní pẹ́ tó o fi máa kàn án. Oríta ni. Ẹni tó ń lọ sínú Ọ̀tà, ẹni tó ń lọ sí Ìyànà Ìyẹsí, ẹni tó ń lọ sí Àtàn, ẹni tó fẹ́ gba ọ̀nà Ìlo-Awẹla, gbogbo wọn ló máa ń kọjá níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ ní àyíká rẹ̀, ìdí nìyẹn tí tírélà fi pọ̀ lójú títì.

Ẹ̀kẹta ni Ọ̀tà gan-an, ìlú àtijọ́ àwọn Àwórì, níbi tí ààfin Ọlọ́tà wà. Ibẹ̀ máa ń dákẹ́ ju Ṣàngó lọ lálẹ́, àmọ́ ọkọ̀ kì í tètè yá níbẹ̀ bíi ti ojú títì.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, láti Ìyànà Ìyẹsí lọ síwájú, níbi tí Bells University àti Canaanland wà. Inú Canaanland yìí ni Covenant University wà, ibẹ̀ náà sì ni Faith Tabernacle, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí Living Faith ṣí lọ́dún 1999, tí wọ́n kọ́ láti gba 50,000 èèyàn.

Lójú tèmi, ẹni tí kò bá tíì mọ ibi tó máa lọ lọ́jọ́ kejì, tàbí tó ní ibi méjì mẹ́ta láti lọ, Ojú-Ore ló yẹ kó sùn. Àtibẹ̀ lọ sí Ṣàngó ò nira, àtibẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò náà ò nira. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo lò ń lọ, gbàgbé orúkọ tó ti gbajúmọ̀, kó o wá yàrá lẹ́bàá ibẹ̀.

Ka àdírẹ́sì dáadáa kó o tó san kọ́bọ̀

Níbí làwọn tó ń wá iṣẹ́ ti máa ń ṣìnà jù. Ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odò/Ọ̀tà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, tóbi gan-an. Ọ̀tà ni olú ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n Agbára náà wà nínú ẹ̀, Ìgbẹ́sà wà nínú ẹ̀, Àtàn wà nínú ẹ̀, Ado-Odò fúnra rẹ̀ náà wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ "Ado-Odo/Ota, Ogun State" sínú lẹ́tà tí wọ́n fi pè ọ́, ìyẹn ò tíì sọ ibi tó o máa sùn fún ẹ.

Mú àpẹẹrẹ kan. Ilé iṣẹ́ Honda tó wà ní Nàìjíríà, Ọ̀tà ló wà. Intercontinental Distillers náà, Ọ̀tà ni. Àmọ́ ilé iṣẹ́ Nestlé tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ, Agbára ló wà, bẹ́ẹ̀ Nestlé yìí kan náà ní ibùdó tí wọ́n ti ń pín ọjà ní Ọ̀tà. Tí wọ́n bá ní kó o wá sí Nestlé, tó o sì lọ gba yàrá sí abẹ́ bíríìjì Ṣàngó láìbéèrè èwo nínú méjèèjì, o lè rí i láàárọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ṣì kù níwájú ẹ: o máa gba Ojú-Ore kọjá, o máa dé Àtàn, o máa dé Lùsàdà, kó o tó yà sí ọ̀nà Agbára. Ẹni tí wọ́n ní kó dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe ìrìn àjò yẹn ní aago méje.

Nǹkan míì tó o lè lò ni nọ́ńbà kìlómítà tó máa ń wà nínú àdírẹ́sì. Bells University ń lo "Km 8, Idiroko Road," Covenant University ń lo "Km 10, Idiroko Road." Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ lò ń jìnnà sí Ṣàngó sí i. Nítorí náà, tí ilé ìtura kan bá ní "Idiroko Road" lòun wà, bi wọ́n pé: kìlómítà mélòó? Bọ́sítọ́ọ̀pù wo? Ṣé ẹ̀bá títì ni àbí inú àdúgbò? Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò gùn dé ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè sọ pé ojú ọ̀nà náà lòun wà.

Iye tí yàrá náà máa jẹ́ gan-an

Owó tí wọ́n kọ sára ògiri kọ́ ni gbogbo owó tó o máa ná. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Mo kàn fi àwọn iye yìí ṣe àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye ọjà, torí iye ọjà máa ń yí padà.

Ká ní yàrá kan wà ní Ojú-Ore, ₦15,000 ni fún alẹ́ kan, iná sì wà nínú owó náà. Alẹ́ méjì jẹ́ ₦30,000. O máa wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ₦500 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦2,000. Àpapọ̀ ẹ̀ ₦32,000.

Ká ní òmíràn wà nínú àdúgbò kan tó jìn sí títì, ₦11,000 ni fún alẹ́ kan. Alẹ́ méjì jẹ́ ₦22,000. Ojú ẹ ti ń dán, àbí? Ṣùgbọ́n o máa gun ọ̀kadà jáde sí títì kó o tó wọ bọ́ọ̀sì, ₦1,500 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn ₦6,000. Wọ́n á tún ní kó o san ₦2,000 fún epo jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́, ìyẹn ₦4,000. Ṣe àròpọ̀ ẹ̀: ₦32,000 náà ni.

Owó kan náà ni méjèèjì gbà. Àmọ́ ẹni tó wà ní Ojú-Ore ti sùn dáadáa, ẹni kejì sì ń dúró de ọ̀kadà nínú òkùnkùn láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí.

Owó orí tún wà. Owó orí ọjà, VAT, jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì ọdún 2020. Lórí yàrá ₦15,000, ìyẹn jẹ́ ₦1,125 lálẹ́ kan. Àwọn ibì kan ti kà á mọ́ iye tí wọ́n pè fún ẹ, àwọn míì á dúró dìgbà tó o bá fẹ́ sanwó. Ìbéèrè kan ló máa yanjú ẹ̀: "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn, àbí owó míì ṣì wà lórí ẹ̀?"

Irú ibùsùn tó wà

*Òtẹ́ẹ̀lì àti guest house.* Àwọn ló pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ò tó nǹkan mọ́ lórúkọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kó o wò. Ohun kan tó yẹ kó o mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìtura lójú títì ló jẹ́ pé ilé ọtí àti àwọn tó ń gba yàrá fún wákàtí kan tàbí méjì ni wọ́n fi ń jẹun. Wọn ò dẹ́ṣẹ̀ kankan, ọjà tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó o bá ní intáfíù láàárọ̀, kò yẹ kó o sùn sórí yàrá tí ẹ̀rọ orin ń dún nísàlẹ̀ ẹ̀ títí di aago méjì òru. Béèrè yàrá tó kọjú sẹ́yìn, tó sì jìn sí ibi tí wọ́n ti ń mutí.

*Shortlet.* Ilé pálọ̀ kan àti yàrá kan ni, tàbí yàrá kan pẹ̀lú ilé ìdáná. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lè dáwó jọ, kó sì rọ̀ yín lọ́rùn ju òtẹ́ẹ̀lì lọ, torí ẹ máa lè se oúnjẹ fúnra yín. Ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ sùn fún alẹ́ kan kì í sábà jèrè níbẹ̀.

*Ilé ìgbàlejò ilé ìwé àti ti ìjọ.* Kó o tó gba yàrá níta, kọ́kọ́ bi ilé ìwé tàbí ìjọ tó pè ọ́ bóyá wọ́n ní ibi tí wọ́n ń gba àlejò sí. Ààbò máa ń wà níbẹ̀, ó sì máa ń sún mọ́ ibi tí ò ń lọ. Òfin ibẹ̀ lè le díẹ̀: aago tí wọ́n ń ti géètì, ọtí, àlejò inú yàrá. Tó o bá lè fara mọ́ ọn, ó dáa.

*Ilé àwọn agùnbánirọ̀.* Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ wá sí Ado-Odò/Ọ̀tà fún NYSC, tí o ò sì tíì rílé, wá àwọn NCCF tó jẹ́ ti ọmọ ìjọ Kristi, tàbí MCAN tó jẹ́ ti Mùsùlùmí. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ní ilé tí wọ́n máa ń gba àwọn agùnbánirọ̀ sí.

*Ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́.* Ọ̀fẹ́ ni lójú, àmọ́ àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè. Ẹni tó gbà ọ́ lálejò lè má sọ fún ẹ pé òun yá owó tóun fi ra ẹran inú ọbẹ̀ yẹn. Tó o bá máa sùn lọ́dọ̀ àǹtí tàbí bùọ̀dá ẹ, mú nǹkan dání: búrẹ́dì, èso, tàbí kó o bá wọn ra iná sínú mítà. Ìyẹn ṣì máa dín sí owó òtẹ́ẹ̀lì, ojú rere ẹ ò sì ní bàjẹ́.

Àsìkò tí owó máa ń gbéra

Ṣílò ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Ọdọọdún, ní oṣù Kejìlá, làwọn ọmọ ìjọ Living Faith máa ń rọ́ wá sí Canaanland láti gbogbo ayé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, yàrá á wọ́n, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò á sì dí. Tó ò bá bá Ṣílò wá, sún ìrìn àjò ẹ síwájú tàbí sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ Ṣílò lo bá wá, gba yàrá sílẹ̀ kí oṣù Kẹwàá tó parí.

Àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè àti ìgbaniwọlé àwọn yunifásítì náà ò yàtọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ tún wà: alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta làwọn òde àríyá máa ń kún yàrá. Tí iṣẹ́ ẹ bá ṣeé ṣe láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, ìgbà yẹn lo lè dúnàádúrà.

Àwọn Àwórì Ọ̀tà tún ní ọdún ìbílẹ̀ wọn, Ẹ̀gúngún àti Orò wà lára ẹ̀. Tó o bá jẹ́ obìnrin, béèrè lọ́wọ́ ilé ìtura náà bóyá Orò máa jáde lọ́jọ́ tó o máa wà níbẹ̀, àti aago wo. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lẹ́yìn tó bá ti wà lójú títì.

Ohun tó yẹ kó o béèrè lórí fóònù

Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ti ọdún tí wọ́n ṣí ilé náà. Lo Hotels.ng, Booking.com tàbí Google Maps láti mọ ibi tó wà, àmọ́ pè wọ́n kó o tó sanwó. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo fẹ́ yàrá kan fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́rú. Èwo ló kéré jù lọ́dọ̀ yín?"

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ti fáànù wà, ti ẹ́síì wà."

"Ẹ ṣé mà. Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó sí mélòó lẹ máa ń tan jẹnẹrétọ̀? Ṣé owó ẹ̀ wà nínú owó yàrá?"

"Aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ni sà. Ó wà nínú ẹ̀."

"Ó dáa. Tí mo bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Ojú-Ore, ṣé mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ yín, àbí màá gun ọ̀kadà?"

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó wà lórí fóònù lè pe gbogbo ibi ní "Ojú-Ore," ṣùgbọ́n tó bá ní kó o gun ọ̀kadà, o ti mọ̀ pé inú àdúgbò ni.

Lórí ọ̀rọ̀ iná, má kàn béèrè "ṣé iná wà?" Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ. Béèrè irú band tí wọ́n wà. IBEDC ló ń pín iná ní Ọ̀tà. Àwọn tó wà ní Band A ló yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Band B jẹ́ 16, Band C jẹ́ 12, Band D jẹ́ 8, Band E jẹ́ 4. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó iná Band A ti gbéra gan-an, torí náà má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu tí ilé tó ní iná dáadáa bá wọ́n ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà lo fẹ́ lò ṣiṣẹ́ mọ́jú, ìyàtọ̀ owó yẹn lè tọ́ sí i. Tó bá jẹ́ oorun nìkan lo fẹ́ sùn, fáànù àti jẹnẹrétọ̀ títí di mẹ́fà àárọ̀ á tó ẹ.

Tó o bá dé ibẹ̀

Wo yàrá kó o tó sanwó. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ẹ. Ohun tí mo máa ń wò nìyí:

• Ilẹ̀kùn: ṣé kọ́kọ́rọ́ ń ṣiṣẹ́, ṣé búlóòtì wà nínú tó o lè fi tì í?
• Fèrèsé: ṣé irin wà lára ẹ̀, ṣé nẹ́ẹ̀tì tó ń lé ẹ̀fọn ò ya?
• Ibùsùn: gbé etí mátírẹ́ẹ̀sì sókè, wo ojú rírán rẹ̀. Tó o bá rí àmì dúdú wínníwínní, ìdun ti wà níbẹ̀. Ní kí wọ́n pààrọ̀ yàrá fún ẹ.
• Omi: ṣí ẹ̀rọ omi, kó o rí i pé ó ń yọ.
• Fóònù: wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ nínú yàrá, kì í ṣe níta.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Tó bá wà lábẹ́ fèrèsé ẹ, tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí lẹ́yìn ògiri tí èéfín ẹ̀ lè gbà wọlé, má sùn síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín yẹn, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó ti sùn lọ ò ní mọ̀ pé òun ń fà á símú, ó sì ti pa odindi ìdílé rí ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó bá jí tí orí ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, kó jáde síta lójú ẹsẹ̀, kó sì pe àwọn yòókù jáde.

Tó o bá dá nìkan wá, fi orúkọ ilé ìtura náà, nọ́ńbà yàrá ẹ àti ibi tó wà lórí Google Maps ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Má pariwo nọ́ńbà yàrá ẹ ní reception. Tí wàhálà bá dé, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ẹ̀tọ́ ẹ, àti àwọn tó ń fi yàrá lu jìbìtì

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ìyẹn òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC kalẹ̀, sọ nǹkan méjì tó kàn ẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Abala 115 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó tó ju iye tí wọ́n kọ síta lọ lọ́wọ́ ẹ. Abala 120 fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé yàrá tó o ti gbà sílẹ̀. Ilé ìtura lè yọ iye tó bọ́gbọ́n mu nínú owó ẹ, àmọ́ wọn ò kàn lè kó gbogbo ẹ̀ jẹ. Nítorí náà, gba rìsíìtì, kó o sì ya àwòrán iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́gi.

Ní ti jìbìtì, àwọn tó ń wá iṣẹ́ ni wọ́n máa ń dojú kọ jù. Ẹnì kan á pè ọ́ pé wọ́n ti mú ẹ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà, pé kó o kọ́kọ́ fi owó yàrá ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun torí gbogbo àwọn tó ń bọ̀ máa sùn pa pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í gba owó ibùsùn lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́. Má sanwó. Lọ wá yàrá tìẹ fúnra ẹ, kó o sì lọ sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ náà lójú ọ̀sán gangan láti béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ bóyá intáfíù wà lóòótọ́. Ìdí míì nìyẹn tó fi dáa kó o dé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, kó o sì sùn sítòsí.

Ṣé mo lè sùn l'Ọ̀tà kí n máa lọ sí Èkó?

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é torí pé yàrá Èkó wọ́n. Ó wà lọ́wọ́ ibi tí ò ń lọ ní Èkó. Tó bá jẹ́ Abúlé Ẹ̀gbá, Agége tàbí Ìkẹjà, ó ṣeé ṣe, tó o bá tètè jáde. Tó bá jẹ́ Erékùṣù tàbí Lẹ́kí, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó o rí fi pa mọ́ lórí yàrá, ọkọ̀ á gbà á padà, ara ẹ á sì gba èyí tó kù.

Ọkọ̀ ojú irin Red Line ti mú ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ díẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ló ti ń gbé èrò láti Agbádò lọ sí Ọyìngbò, ó sì ń dúró ní Agége, Ìkẹjà, Oshódi, Mushin àti Yaba. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó kó má sùn sí Ojú-Ore. Kó wá yàrá sí ìhà Agbádò, tàbí Ṣàngó ó pẹ́ tán, torí àtọ̀nà Ìdí-Ìrókò dé ibùdókọ̀ ojú irin yẹn láàárọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ní ṣókí

• Intáfíù ní ilé iṣẹ́ inú Ọ̀tà: Ojú-Ore.
• Ilé iṣẹ́ ní Agbára: sùn sí Agbára, má sùn sí Ṣàngó.
• Covenant, Bells tàbí Canaanland: ìhà Ìyànà Ìyẹsí sí kìlómítà 10, lẹ́yìn tó o bá ti béèrè ilé ìgbàlejò tiwọn.
• Ọjà rírà, tàbí ọkọ̀ ìdájí lọ sí Abẹ́òkúta: Ṣàngó.
• Ìdí-Ìrókò láàárọ̀: Ojú-Ore tàbí kó o sùn síwájú sí i, kó o má bàa jókòó sínú ọkọ̀ láti Ṣàngó.
• Iṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Yaba: ìhà Agbádò.

Ẹni tó bá da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù. Kó o tó wọkọ̀, kọ àdírẹ́sì ibi tí ò ń lọ sílẹ̀, pe ilé ìtura mẹ́ta, ṣe ìṣirò owó yàrá, iná àti ọkọ̀ pa pọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o wá mú èyí tó máa jẹ́ kó o dé ibi tó o ń lọ lásìkò, tí owó tó o máa fi padà sílé ṣì wà lápò ẹ.